Pẹ́dà kẹ̀kẹ́ wo ló yẹ kéèyàn rà fún ẹrẹ̀ àti sínóò? Shimano, Time, Eggbeater, àbí kẹ́ ẹ kúkú lo èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi gíráàmù tàn yín jẹ o. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ra pẹ́dà tó máa ń há bàtà mú, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ kà sí yín létí ni bó ṣe fúyẹ́ tó, èyí tó fúyẹ́ jù náà ló sì máa ń wọ́n jù, ibẹ̀ ni wọ́n á parí ọ̀rọ̀ sí. N ò bá wọn jà, ọjà ni wọ́n ń tà. Àmọ́ àwa tá à ń gun kẹ̀kẹ́ níbi tí sínóò ti lè máa bọ́ láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹrin, ìbéèrè kan ló yẹ ká bi ara wa ká tó mówó jáde: ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, kí lẹsẹ̀ yẹn sì ń tẹ̀? Torí ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ́dà ní nǹkan kan, òun náà á gbọ̀n án dànù bẹ́ ẹ ṣe ń wa á lọ. Èyí tí bàtà bá gbé wá látilẹ̀ ni ọ̀tá.

Minneapolis ni mò ń gbé, ní Minnesota lápá òkè Amẹ́ríkà, ibí ni mo sì ti lo gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Òtútù ibí ò mojú ẹnikẹ́ni, ìgbà míì ó máa ń lọ sí dígírì 20 sísàlẹ̀ òdo, síbẹ̀ ẹ ó ráwọn èèyàn lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà kan wà tó ń jẹ́ Midtown Greenway, ó gùn ju máìlì 5 lọ, ibi tí rélùwéè ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, tí sínóò bá ti bọ́ wọ́n á gbé kátakátà wá kó o kúrò, tó fi jẹ́ pé ìgbà míì ibẹ̀ á mọ́ ju títì mọ́tò lọ. Òmíì tún ni River Bottoms ní Bloomington, létí odò Minnesota, inú igbó ni, tó bá di ìgbà ìrúwé tí sínóò yọ́ tí odò kún, háà, ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹrẹ̀ kékeré. Ọ̀nà méjèèjì ò jọra, pẹ́dà tó dáa lórí ìkíní lè fìyà jẹ yín lórí ìkejì.

Fẹ́ni tí ò tíì lò ó rí: irin kékeré kan ló wà lábẹ́ bàtà, cleat ni gbogbo èèyàn ń pè é, bóòtù méjì ni wọ́n fi dè é mọ́ bàtà. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ pẹ́dà á dún "kà!", ẹsẹ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn, kò ní yọ̀, ẹ lè máa fi tì, ẹ lè máa fi fà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ kàn yí gìgísẹ̀ síta. Àwọn tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí títì ní tiwọn tó ní bóòtù mẹ́ta, ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni cleat wọn, ẹ gbàgbé ìyẹn, kò wúlò fún ẹni tó máa fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí Shimano. Ọdún 1990 làwọn ará Japan yìí gbé pẹ́dà wọn tó ń jẹ́ SPD jáde, àwọn tó kù sì ń fi ara wọn wé e títí dòní. Èyí tí mo máa ní kẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ rà ni PD-M520, kò wọ́n, nǹkan bí 50 sí 70 dọ́là lẹ máa ń rí i, méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 380 gíráàmù, kò sì lẹ́wà rárá, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ fi yangàn lára rẹ̀. Àmọ́ ó lè jìyà! Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù máa ń jẹ irin bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ni, ẹ̀gbẹ́ tèmi ti hó, ó ti ha lára òkúta, ọmọ mi ti fi ṣeré, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ yí i ó ṣì ń lọ geere. Cleat rẹ̀, irin gidi ni, ẹ fi rìn lórí kọnkéré títí, kì í tètè jẹ.

Ibi tó kù sí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn bá mi lọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé imú cleat á kọ́kọ́ wọ iwájú, ẹ ó wá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì ẹ̀yìn á ṣí, á sì pa dé. Abẹ́ ibi tí cleat jókòó lé, irin ló wà níbẹ̀, ihò tí nǹkan lè gbà já bọ́ ò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ oníyanrìn, ẹ tẹ̀ ẹ́, á fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, wàhálà ti tán. Amọ̀ ńkọ́? Amọ̀ létí odò yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ bàtà bí àmàlà tí wọ́n rò pọ̀ jù, ẹ tẹ̀ ẹ́ ó tún ń le sí i ni, á kún àárín irin méjèèjì, cleat ò ní ráàyè wọlẹ̀. Ẹ lè gbá a mọ́ pẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dún.

Sínóò ló tiẹ̀ burú jù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ ìdí. Wọ́n rò pé sínóò rọ̀, pé á kàn fọ́ ni. Ẹ wò ó: ẹ ti inú ilé jáde, bàtà gbóná, ẹ tẹ sínóò, èyí tó kan irin yẹn á yọ́ díẹ̀, kò ní pẹ́ irin á tutù, omi yẹn á dì padà mọ́ ọn lára. Ìṣísẹ̀ kejì, òmíì á lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ tó rìn dé ẹnu géètì, tẹ́ ẹ bá yí bàtà sókè ẹ ó rí yìnyín tó mọ́ gaara, tó nípọn tó owó ẹyọ méjì tẹ́ ẹ tò lérí ara, òkúta wínníwínní tí wọ́n dà sójú ọ̀nà há sínú rẹ̀, gbogbo àárín cleat àti rọ́bà bàtà ti kún dọ́gba, ihò bóòtù méjèèjì ò tiẹ̀ hàn mọ́. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tẹ ìyẹn tó máa wọlé. Ẹ̀ ń yọ̀ lórí pẹ́dà ní oríta, iná ti di gíríìnì, mọ́tò tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, àánú ara yín á ṣe yín. Ọ̀bẹ kékeré tàbí álẹ́ǹ kíì la fi ń wa yìnyín yẹn jáde, gbígbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í tó.

Nǹkan méjì lẹ lè ṣe tó bá jẹ́ Shimano lẹ ní. Sukúrù kan wà lẹ́yìn rẹ̀, álẹ́ǹ kíì 3 mm ló ń yí i, ẹ dẹ sípíríǹgì yẹn, kó má le, á tètè wọlé, á sì tètè jáde, kẹ́ ẹ sì rántí pé ojú méjì ni pẹ́dà náà ní, torí náà sukúrù náà á jẹ́ mẹ́rin lápapọ̀, ẹ kà á bó ṣe ń dún kó lè dọ́gba. Ìkejì ni cleat fúnra rẹ̀, oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, SH51 tó dúdú, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan lẹ lè gbà jáde, àti SH56 tó funfun, tẹ́ ẹ lè fi fa ẹsẹ̀ yọ sókè tàbí gba ibòmíì. Àwọn kan ní SH56 ló dáa fún ẹni tẹ́rù ń bà. Èmi ò fara mọ́ ọn nínú ẹrẹ̀, torí ibi tẹ́ ẹ bá ti ń fagbára gun òkè tẹ́ ẹ̀ ń fà lókè fà nílẹ̀ ló ti lè já yín sílẹ̀. SH51 tí sípíríǹgì rẹ̀ dẹ̀, ìyẹn ni tèmi.

Ó yá, Time. Ilé iṣẹ́ Faransé ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àárín ọdún 1990 sí 2000 ni pẹ́dà wọn tó ń jẹ́ ATAC jáde, lọ́dún 2021 ni ilé iṣẹ́ SRAM ti Amẹ́ríkà wá ra apá pẹ́dà náà. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ nìkan là ń sọ, èyí ni mo máa rà lọ́la tówó bá wà lápò mi. Wáyà irin roboto méjì ló di cleat mú, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, àárín wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ cleat wọlé ló ń ti ẹrẹ̀ kọjá sódì kejì, ẹ ó rí i tó ń jáde lábẹ́, ó máa ń dùn mọ́ mi nínú kí n má parọ́. Ẹsẹ̀ tún ráàyè yí díẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó di pé ó jáde, orúnkún tó ti ń dàgbà máa ń gbádùn ìyẹn. Cleat rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi ti ọ̀tún sí ọ̀tún ó máa já ní dígírì kan, ìyẹn bẹ́ ẹ ṣe máa yí gìgísẹ̀ tó kó tó jáde, tẹ́ ẹ bá pa wọ́n dà ó di òmíì, 13 tàbí 17, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kó lo 13.

Ó ní tiẹ̀ náà o. Idẹ ni cleat rẹ̀, idẹ ò sì le tó irin, tẹ́ ẹ bá ń fi rìn lórí kọnkéré láti ibi ìgbékẹ̀kẹ́sí dé ọ́fíìsì lójoojúmọ́ á jẹ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nígbà tẹ́ ò retí. Bó ṣe ń wọlé náà ò dún tó ti Shimano, ẹ lè máa rò pé ẹ ò tíì wọ̀ ọ́. Tí yìnyín bá sì ti dì sábẹ́ bàtà, òun náà ò ní ṣe iṣẹ́ ìyanu, ó kàn ń fara dà á ju SPD lọ ni, torí ohun tó máa dí i ò ráyè jókòó.

Àbúrò mi kan tó wà ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, sínóò tiwa níbí kì í pẹ́ tó fi ń yọ́, ẹrẹ̀ ló ń pa wá, kí ni kí n rà?" Mo ní kó má da ara ẹ̀ láàmú, kó ra Time. Ó ní ṣé cleat Shimano tóun ní tẹ́lẹ̀ ò ní bá a mu, pé ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ fóun ní gbogbo cleat ló bá gbogbo pẹ́dà mu. Irọ́ gbuu! Ihò bóòtù méjèèjì lábẹ́ bàtà ló jọra, ìyẹn ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n ń tún sọ. Bàtà kan náà lè gba ti Shimano, ti Time àti ti Eggbeater, àmọ́ cleat kálukú, pẹ́dà tiẹ̀ nìkan ló mọ̀. Inú páálí pẹ́dà tuntun ni cleat ti sábà máa ń wà, ẹ yẹ páálí wò kẹ́ ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tà á.

Eggbeater ni ti Crankbrothers, àwọn ará California. Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan ẹ ò ní gbàgbé, kò ní ara, irin tó gbé ìyẹ́ mẹ́rin síta ni, tó fi jẹ́ pé ibi yòówù kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ bà á, ojú mẹ́rin ló ní, ọ̀kan á gbà yín. Nínú gbogbo èyí tí mo ti gùn, òun ló rọrùn jù láti wọlé nínú ẹrẹ̀, n ò ní jiyàn, ẹrẹ̀ ò ríbi dúró sí lára rẹ̀ ni. Kò ní sukúrù tẹ́ ẹ fi lè dẹ̀ ẹ́ tàbí fún un, bẹ́ ẹ ṣe bá a lẹ máa lò ó, àfi cleat tẹ́ ẹ lè pa dà láàárín dígírì 15 àti 20. Tẹ́ ẹ bá wá ṣì í tẹ̀, tí cleat ò wọlé, kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Candy tó ní ara díẹ̀, àti Mallet tó fẹ̀ dáadáa, fún sínóò Mallet ni mo máa mú nínú wọn, torí lọ́jọ́ tí cleat bá dì ẹ ṣì lè tẹ ara pẹ́dà lọ sílé. Idẹ tó rọ̀ ni cleat tiwọn náà, kò tọ́jọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kó lè jẹ́ pé cleat ló máa jẹ dípò ìyẹ́ pẹ́dà. Ìyẹ́ yẹn tún máa ń gbẹ́ abẹ́ bàtà, wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ kan tẹ́ ẹ lè fi sáàárín, ẹ rà á. Eggbeater 11 tí wọ́n fi titanium ṣe, tí méjèèjì ò tó 200 gíráàmù, lé ní 400 dọ́là. Fún kí ni? Iyọ̀ ò lè jẹ titanium lóòótọ́, àmọ́ bẹ́rìn inú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ pariwo.

Kí n wá sọ òótọ́ tí àwọn olólùfẹ́ pẹ́dà tó ń há bàtà ò fẹ́ gbọ́. Tí òtútù bá ti kọjá ààlà, tí ọ̀nà sì jẹ́ èyí tẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ́dà pẹrẹsẹ tó ní ẹ̀gún irin lójú ló dáa jù. Eré ìje kan wà ní Minnesota níbí, Arrowhead 135, láti International Falls dé Tower, máìlì 135 nínú sínóò lóṣù kìíní, ẹ lọ wo àwòrán ẹ̀, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ tó wọ búùtù rẹpẹtẹ lórí pẹ́dà pẹrẹsẹ. Wọn kì í ṣe ẹni tí ò mọ kẹ̀kẹ́. Cleat àti bóòtù rẹ̀, irin ni wọ́n, irin sì máa ń fa ooru ẹsẹ̀ jáde lọ sínú pẹ́dà díẹ̀díẹ̀ títí ọmọ ìka ẹsẹ̀ á fi kú tipiri. Tí ẹ bá máa lo pẹrẹsẹ, ẹ ra oníke, ike kì í gba ooru lọ́wọ́ ẹsẹ̀ tó irin, ó tún pọ́ọ́kú sí i.

Bàtà ló kó ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ 45NRTH tó wà ní Bloomington níbí ń ṣe búùtù ìgbà òtútù tó láàyè cleat lábẹ́, Lake náà ń ṣe é, wọ́n wọ́n, ẹ máa múra sílẹ̀, àmọ́ ẹ rà á kó tóbi ju ẹsẹ̀ yín lọ díẹ̀, torí ẹ ó wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun, bó bá sì fún yín lẹ́sẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ò ní ráàyè rìn, òtútù á mú yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ yí bàtà náà sókè kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí rọ́bà bá yí cleat ká pinpin, tí àyè ò sí láàárín, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa kọ́lé sí. Ọ̀bẹ tó mú lẹ lè fi gé díẹ̀ kúrò níbi tó sún mọ́ cleat jù, n ò ní kẹ́ ẹ gé gbogbo ẹ̀ o, ẹ ṣì fẹ́ fi rìn. Nínú bàtà, lórí ihò bóòtù, ẹ lẹ nǹkan mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó da ìtẹ́sẹ̀ padà, omi máa ń gba ibẹ̀ wọlé, òtútù náà sì ń gba ibẹ̀.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa fi pa á ńkọ́? Sílíkóònù onífínfín ló dáa, ẹ fín in sára cleat àti pẹ́dà tó bá ti gbẹ, kẹ́ ẹ tó jáde, ẹlòmíì ń lo òróró ìdáná onífínfín, ó ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ fi òrí pa á torí pé ẹ rí i nínú ilé, òrí fúnra rẹ̀ máa ń dì nínú òtútù, ẹ kàn fi gọ́ọ̀mù kún un ni. Ihò bóòtù cleat, ẹ kán àbẹ́là sínú rẹ̀ kó kún, ẹrẹ̀ ò ní ríbẹ̀ wọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u ẹ fi nǹkan ṣóńṣó yọ àbẹ́là dànù. Ẹni tí ò ṣe bẹ́ẹ̀, òkúta á há síbẹ̀, ipata á dé e, álẹ́ǹ kíì 4 mm á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nínú rẹ̀, ó di kó gbé bàtà lọ fún ẹni tó ní dírílì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ pupa lásìkò òjò, ọ̀rọ̀ àbẹ́là yìí kàn yín náà, ẹ kàn fo ti sínóò ni.

Tẹ́ ẹ bá ń de pẹ́dà mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ fi gíríìsì pa ojú sukúrù rẹ̀ dáadáa, torí iyọ̀ máa ń so ó mọ́ irin kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ títí òtútù á fi lọ. Ti ọ̀tún, bá a ṣe ń dé ìgò la ṣe ń dè é. Ti òsì, òdìkejì ni. Ẹ má fagbára ṣe é, tí kò bá lọ pẹ̀lú ọwọ́ lásán fún yíyí bíi mélòó kan, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un mú.

Owó tó ń dun yín? Tòkunbọ̀ wà. Lóṣù kẹrin tí ojú ọjọ́ bá ti là, àwọn èèyàn á máa tú pẹ́dà ìgbà òtútù wọn tà lórí Facebook, ibẹ̀ lẹ ti lè rí M520 tàbí Time ní ìdajì owó. Ẹ má wo bó ṣe hó lára, híhó ò ṣe nǹkan kan. Ẹ di ọ̀pá rẹ̀ mú kẹ́ ẹ fi ìka méjì yí ara pẹ́dà, tó bá ń ha bí ẹni pé yanrìn wà nínú ẹ̀, bẹ́rìn rẹ̀ ti mu omi iyọ̀ nìyẹn, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì, tó bá ń mì lórí ọ̀pá, ẹ dín owó náà kù tàbí kẹ́ ẹ lọ. Tó bá sì jẹ́ Time tàbí Crankbrothers, ẹ fi owó cleat tuntun kún iye tẹ́ ẹ fẹ́ san, torí ìlò ni cleat tó máa bá a wá, ó sì ṣeé ṣe kí idẹ rẹ̀ ti jẹ tán.